Ẹ Bi Mí: Pọ́díkáàsì Wo Ni Kí N Máa Gbọ́ Lójú Ọ̀nà?

Lóṣù tó kọjá, mo mẹ́nu ba rédíò tí mo máa ń gbọ́ nígbà tí mo fi ń wa takisí ní Washington. Gbólóhùn méjì péré ni, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀. Lẹ́tà tó tẹ̀lé e pọ̀ ju èyí tí a máa ń rí gbà lórí ọ̀rọ̀ ìyàwó àti ìyá ọkọ lọ! Mẹ́rin ni mo mú nínú wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ní kí n dárúkọ àwọn olóṣèlú tó wọ takisí mi tí wọn ò fi tíìpù sílẹ̀, ẹ má bínú, mi ò ní sọ.

ÌBÉÈRÈ KÌÍNÍ

Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Nọ́ọ̀sì ni mí. Bowie, ní ìpínlẹ̀ Maryland, ni mò ń gbé, àmọ́ Baltimore ni ibi iṣẹ́ mi wà, iṣẹ́ òru sì ni. Bí mo bá ń lọ lálẹ́, ara mi á dá ṣáṣá. Bí mo bá ń bọ̀ láàárọ̀, oorun á ti kún ojú mi. Mo ti gbọ́ àwọn fújì orí fóònù mi títí mo fi lè bá wọn kọ ọ́ láìjá ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Ìwàásù sì máa ń mú mi tòògbé, kí Ọlọ́run má bínú. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ní kí n máa gbọ́ pọ́díkáàsì àwọn NPR. Mo ṣí i, wọ́n pọ̀ lọ jàra, mi ò mọ èyí tí ǹ bá mú. Àwọn wo tiẹ̀ ni NPR yìí? Ṣé rédíò ìjọba ni?
— Nọ́ọ̀sì Òru, Bowie

ÈSÌ

Nọ́ọ̀sì wa, ẹ kú àìsùn o. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti ìkẹyìn. Rédíò ìjọba kọ́. Mo mọ ohun tó wá sí yín lọ́kàn: rédíò tí wọ́n á ti ka gbogbo ibi tí gómìnà lọ láti àárọ̀, àti gbogbo ẹni tó kí kú oríire, kí wọ́n tó wá rántí sọ pé omi ya wọ ilé àwọn èèyàn. Òmíràn ni tàwọn eléyìí. Lọ́dún 1967 ni Ààrẹ Lyndon Johnson bu ọwọ́ lu òfin tó fìdí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n aráàlú múlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Wọ́n dá NPR, ìyẹn National Public Radio, sílẹ̀ lọ́dún 1970, nígbà tó sì di ọjọ́ 3, oṣù Karùn-ún, ọdún 1971, ètò ìròyìn ìrọ̀lẹ́ wọn, All Things Considered, jáde fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ṣì ń jáde di òní. Àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò káàkiri orílẹ̀-èdè ló ń sanwó fún NPR kí wọ́n lè gbé ètò rẹ̀ sáfẹ́fẹ́, àwọn náà sì ń ṣe tiwọn mọ́ ọn. WAMU 88.5, tí ẹ lè gbọ́ nínú ọkọ̀ yín ní Bowie, American University ló ni ín. Ìdáwó àwọn olùgbọ́ wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, ìyẹn ni kò fi sí ẹni tó ń pariwo bẹ́ẹ̀dì àti kápẹ́ẹ̀tì sí yín létí ní gbogbo ìṣẹ́jú márùn-ún.

Pọ́díkáàsì ni ètò tí wọ́n gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ lè gbọ́ ọ nígbà tó bá rọ̀ yín lọ́rùn. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ti àwọn rédíò aráàlú ni pé ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń bá ẹni tó ń wakọ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n mọ̀ pé ojú yín wà lójú títì, pé ẹ ò lè máa wo àwòrán, pé ìpè fóònù lè já yín lu, nítorí náà wọ́n máa ń rán yín létí ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Ọ̀pọ̀ pọ́díkáàsì mìíràn tó lókìkí, ọ̀rẹ́ méjì ló jókòó tí wọ́n ń bá ara wọn rẹ́rìn-ín fún wákàtí méjì. Èmi ò wakọ̀ fún wọn.

Ní ti èyí tí ẹ máa mú: bí ọ̀nà ṣe gùn tó àti bí ara yín ṣe rí ni kí ẹ fi yan ètò, ẹ má fi òkìkí yàn án.

Nígbà tí ẹ bá ń lọ lálẹ́, ẹ fi Consider This ti NPR bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú ìròyìn ọjọ́ náà ni wọ́n máa ń mú, wọ́n á tú u wò, kò sì sábà ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Bó bá parí, ẹ gbọ́ The Indicator, tó jẹ́ ọmọ Planet Money, ètò NPR mìíràn. Ọ̀rọ̀ owó ni tiwọn, bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá: ìdí tí ẹyin fi wọ́n, ìdí tí owó ilé kò fi wálẹ̀. Ẹ ó ti kúrò lórí ọ̀nà 3 bọ́ sórí I-97 kí wọ́n tó dákẹ́.

Àárọ̀ ni wàhálà wà. Wọ́n á sọ fún yín pé kí ẹ gbọ́ Up First, torí òun ni ìròyìn òwúrọ̀ NPR, kò sì gùn. Ètò tó dáa ni, àmọ́ ẹni tó ti fi gbogbo òru rí ìrora àwọn èèyàn kò nílò ogun àti ìjà ilé aṣòfin kó tó dé orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ nígbà tí ẹ bá jí. Ohun tí ojú tó wúwo ń fẹ́ ni ẹ̀rín tàbí ìtàn tó ń rìn. Ti ẹ̀rín ni Wait Wait... Don't Tell Me!, tí Peter Sagal ń tọ́kùn rẹ̀: láti ọdún 1998 ni wọ́n ti ń fi ìròyìn ọ̀sẹ̀ ṣe àdánwò fún àwọn aláwàdà níwájú èrò, wọn ò sì sábà mọ̀ ọ́n. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ló ń jáde, torí náà ẹ tọ́jú rẹ̀ de òwúrọ̀ tó bá burú jù.

Ti ìtàn tó ń rìn ni mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí. Lọ́dún 2013, àwọn Planet Money ní àwọn fẹ́ ṣe tíṣáàtì kan, àwọn á sì tẹ̀ lé e láti inú oko òwú títí dé ọrùn ẹni tó wọ̀ ọ́. Àwọn olùgbọ́ ló san owó rẹ̀ sílẹ̀, dọ́là 25 lórí ẹyọ kan, owó tó wọlé sì ju ìdajì mílíọ̀nù dọ́là lọ. Ọ̀kẹ́rẹ́ kan tó gbé ife ọtí lọ́wọ́ ni wọ́n yà sí àyà rẹ̀. Wọ́n gba oko òwú ní Mississippi kọjá. Wọ́n ran òwú náà ní Indonesia. Wọ́n rán ti ọkùnrin ní Bangladesh, wọ́n sì rán ti obìnrin ní Colombia. Wọ́n jókòó ti àwọn tó ń ránṣọ ní orílẹ̀-èdè méjèèjì, wọ́n bi wọ́n léèrè iye tí wọ́n ń gbà lóṣù, ẹ ó sì gbọ́ ọ pé tí ti Bangladesh bá fi owó tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Colombia, ìyàtọ̀ rẹ̀ kò kéré. Ẹ ó gbọ́ bí wọ́n ṣe kó aṣọ náà sínú kọntéínà gba orí òkun padà sí Amẹ́ríkà.

Èyí tó mú mi jókòó sínú ọkọ̀ lẹ́yìn tí mo ti páàkì ni apá tó dé Nairobi. Ìbéèrè wọn ni pé níbo ni tíṣáàtì ń gbà lọ nígbà tí ará Amẹ́ríkà bá ti wọ̀ ọ́ sú, ìdáhùn rẹ̀ ló sì gbé wọn dé ọjà Gikomba, láàárín báálì òkìríkà. Èmi tí wọ́n fi òkìríkà Kàtángówà tọ́ dàgbà, mo rò pé kò sí ohun tí òyìnbó kan lè sọ fún mi nípa báálì. Wọ́n mú aṣọ kan nínú òkìtì náà, ó jẹ́ èyí tí wọ́n tẹ̀ fún àríyá ọmọbìnrin kan ní 1993, bí àwa náà ṣe máa ń tẹ tíṣáàtì sí ìsìnkú àgbà. Orúkọ ọmọ náà àti ọjọ́ àríyá wà lára rẹ̀ gbàgàdà. Wọ́n wá ọmọ náà kiri Amẹ́ríkà títí wọ́n fi rí i... tàbí kí n má sọ gbogbo rẹ̀ tán, ẹ lọ gbọ́ ọ fúnra yín. Ó ti pẹ́ tó ti jáde, àmọ́ ó ṣì wà níbẹ̀.

Ó ku ìkìlọ̀ díẹ̀. Wọ́n á sọ fún yín nípa Serial, èyí tí àwọn tó ń ṣe ètò rédíò kan tó ń jẹ́ This American Life gbé jáde lọ́dún 2014, tó sì ti wà lọ́wọ́ New York Times láti 2020. Ọ̀rọ̀ ìpànìyàn tó ṣẹlẹ̀ ní Baltimore lọ́dún 1999 ni. Ó dùn gbọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Àmọ́ àdúgbò Woodlawn àti ọgbà igi Leakin Park tí wọ́n ń dárúkọ, ẹ̀bá ibi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́ ni, ẹ sì máa ń dá wakọ̀ lóru. Ẹ gbọ́ ọ nílé, lọ́sàn-án, kí ẹnì kan sì wà lọ́dọ̀ yín. Ẹbí ọmọ tó kú ṣì wà láyé pẹ̀lú o; èmi kì í fẹ́ kí wọ́n máa pe irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ní eré.

StoryCorps náà, ẹ má gbọ́ ọ tí ọwọ́ yín bá wà lórí síárì. Lọ́dún 2003 ni wọ́n gbé yàrá kékeré kan kalẹ̀ sínú ibùdókọ̀ ojú irin Grand Central ní New York, kí èèyàn méjì tó mọra wọn wọlé, kí wọ́n bi ara wọn ní ìbéèrè fún ogójì ìṣẹ́jú. Bàbá àti ọmọ, ọkọ àti aya, ọlọ́pàá àti ẹni tó mú. Ilé ìkàwé àgbà ní Washington, Library of Congress, ló ń tọ́jú gbogbo rẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n máa ń fi sáfẹ́fẹ́, ìyẹn náà sì tó láti ba ojú jẹ́.

Níwọ̀n ìgbà tí mo ti ń bá ẹni tó ń wakọ̀ sọ̀rọ̀, mi ò lè ṣaláì dárúkọ Car Talk. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni Tom àti Ray Magliozzi, mẹkáníìkì ní Cambridge, MIT ni àwọn méjèèjì sì ti kàwé. Láti 1977 ni wọ́n ti ń ṣe é lórí WBUR ní Boston, NPR gbà á káàkiri orílẹ̀-èdè ní 1987. Ẹni tó bá pè wọ́n á fi ẹnu ṣe ariwo tí ọkọ̀ rẹ̀ ń ṣe, "gíri-gíri-kwáà", wọ́n á rẹ́rìn-ín débi pé ẹkún á máa bọ́ lójú wọn, lẹ́yìn náà wọ́n á sọ ohun tó bà jẹ́ gan-an. Wọ́n ṣíwọ́ ní 2012, Tom sì kú ní 2014, àmọ́ ètò wọn àtijọ́ ṣì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mẹkáníìkì mi kò fẹ́ràn wọn rárá, torí mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi í ní ìbéèrè.

Ẹ so fóònù yín mọ́ rédíò ọkọ̀, ẹ má ki íápíìsì bọ etí méjèèjì. Òfin Maryland kò gbà á fún ẹni tó ń wakọ̀. Bí ojú yín bá sì ti ń pa dé, pọ́díkáàsì kankan kò lè gbà yín. Ẹ yà sí ilé epo, ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ẹ sùn fún ogún ìṣẹ́jú.

ÌBÉÈRÈ KEJÌ

Ẹ káàsán, sà. Ìkòròdú ni mo ti ń wọ BRT lọ sí TBS láràárọ̀ fún iṣẹ́ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí. Gosiló Mile 12 ti fẹ́ yọ ẹ̀mí mi. Mo fẹ́ máa gbọ́ àwọn pọ́díkáàsì òyìnbó yìí, ṣùgbọ́n dátà ni ìṣòro. Ṣé kì í jẹ dátà jù? Àti pé ṣé gbogbo rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà fún àwọn ará Amẹ́ríkà?
— Ọmọ Ìkòròdú

ÈSÌ

Àbúrò mi, o kú oríire iṣẹ́ tuntun. Kò jẹ dátà tó bí o ṣe rò. Bí wọ́n bá gbé ohùn kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ìwọ̀n 128 kbps, wákàtí kan rẹ̀ kò ju bí MB 58 lọ, ìyẹn ni pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò tó MB 10. Fídíò ìgbéyàwó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ẹ lórí WhatsApp lè jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ, o ò sì mọ ìyàwó.

Ohun tó ń jẹ dátà ni kí o máa gbọ́ ọ tààrà lórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tí nẹ́tíwọọ̀kì ń lọ tó ń bọ̀. Gbà á sórí fóònù rẹ ní ibi iṣẹ́ tí Wi-Fi bá wà níbẹ̀, tàbí lóru nígbà tí dátà bá pọ́ọ́kú. Bó bá jẹ́ Android lò ń lò, wá áàpù kan tó ń jẹ́ AntennaPod: ọ̀fẹ́ ni, kò ní ìpolówó, kò sì ní kí o forúkọ sílẹ̀. Kété tí o bá ti ṣí i, wọ inú ètò rẹ̀, kí o sọ fún un pé Wi-Fi nìkan ni kó fi máa gba nǹkan wọlé. Ní kó máa pa èyí tí o bá ti gbọ́ tán rẹ́. Bí o ò bá ṣe èyí, lọ́jọ́ kan fóònù á sọ fún ẹ pé òun ti kún, ó sì máa jẹ́ ọjọ́ tí o fẹ́ ya fọ́tò ìdánimọ̀.

Ní ti pé ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà ni gbogbo rẹ̀: ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni lóòótọ́, mi ò ní tàn ẹ́. Èèyàn lè gbọ́ odindi wákàtí kan lórí ìdìbò ìlú kékeré kan ní Ohio tí kò kàn án. Fo ìyẹn. Wá State of the World, níbi tí NPR ti ń kó ìròyìn àwọn akọ̀ròyìn rẹ̀ tó wà lókè òkun jọ. Ọ̀kan nínú wọn, Emmanuel Akinwotu, Èkó gan-an ló ti ń ṣiṣẹ́, Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sì ni tirẹ̀. Bó bá ń sọ̀rọ̀ nípa ọjà tàbí epo bẹntiróòlù, wàá gbọ́ ìró kẹ̀kẹ́ Márúwá tó ń kọjá lẹ́yìn rẹ̀, wàá sì mọ̀ pé kò jókòó sí òtẹ́ẹ̀lì. Ṣáájú rẹ̀, Ofeibea Quist-Arcton, ọmọ Gánà, ló máa ń ròyìn láti Dakar, ó sì máa ń fa orúkọ ìlú náà gùn níparí ìròyìn débi pé àwọn olùgbọ́ ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í sín in jẹ.

Ti BBC náà jẹ́ ti aráàlú, owó tí àwọn ará Britain ń san lórí tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n fi ń gbé ọ̀pọ̀ rẹ̀. Lọ́dọ̀ wọn, gba Witness History. Bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣojú rẹ̀ ló máa ń sọ ọ́: ẹni tó wà níbi tí wọ́n ti dìtẹ̀ gbàjọba, ẹni tó sá lójú ogun. Ó tó láti Mile 12 dé Ketu lọ́jọ́ tí ọ̀nà bá dáa. Short Wave ti NPR náà kò gùn, ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ni tiwọn, wọ́n sì máa ń fi ẹ̀rín sí i.

Tí gosiló bá wá di ti gidi, tí awakọ̀ ti pa ẹ́ńjìnnì, This American Life ni. Láti Chicago, lórí WBEZ, ni Ira Glass ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1995. Wákàtí kan ni, ó pín sí apá bíi mélòó kan, nítorí náà bí o bá sọ̀kalẹ̀ ní Fadeyi, o lè dúró síbi tí apá kan parí sí. Àwọn aráàlú lásán ló ń sọ ìtàn ara wọn níbẹ̀. Òun náà ló kọ́kọ́ gba ẹ̀bùn Pulitzer nígbà tí wọ́n dá ti ìròyìn aláfetígbọ́ sílẹ̀ ní 2020, lórí ètò kan tó sọ̀rọ̀ àwọn tí Amẹ́ríkà ní kí wọ́n dúró sí Mexico títí wọ́n á fi dá wọn lóhùn. Gbọ́ ìyẹn kí o tó bá ẹnikẹ́ni dámọ̀ràn japa.

Fi Afropop Worldwide sí ọjọ́ Sátidé. Láti 1988 ni wọ́n ti ń gbé orin Áfíríkà àti ti àwọn ọmọ Áfíríkà tó wà káàkiri sórí rédíò aráàlú ní Amẹ́ríkà. Georges Collinet, ọmọ Kamẹrúùnù, ni ohùn rẹ̀. Wọn ò kẹ́yìn sí jùjú àti fújì wa rárá. Ohun tí mo fẹ́ràn ni pé wọ́n máa ń jẹ́ kí orin náà lọ jìnnà kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ lé e lórí.

Íápíìsì kan ṣoṣo ni kí o kì bọ etí nínú mọ́tò, kí èkejì wà lọ́fẹ̀ẹ́. Jẹ́ kí fóònù wà ní àpò iwájú, kí iná ojú rẹ̀ sì kú. Ètò náà á máa sọ̀rọ̀ lọ. Ẹni tó ń na fóònù síta lójú fèrèsé láti yan pọ́díkáàsì, ẹlòmíì ló ń yan fóònù fún.

ÌBÉÈRÈ KẸTA

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ọmọ mi ló mú mi wá sí Houston láti wá bá a tọ́jú ọmọ. Dókítà ní kí n máa rìn láràárọ̀. Ọmọ mi gbé rédíò òyìnbó sórí fóònù fún mi pé kí n máa fi gbádùn ìrìn, àmọ́ imú ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀, wọ́n sì ń sáré. Mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa o, tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ṣé èyí tó rọ̀ díẹ̀ wà?
— Ìyá Àgbà, Houston

ÈSÌ

Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, ọwọ́ yín á sọmọ jìnnà. Ó wà, mà. Ẹ ní kí ọmọ yín fi ìyára rẹ̀ sí 0.8 nínú áàpù. Ohùn wọn á balẹ̀, kò sì ní dà bíi ti ọ̀mùtí bí ẹ ò bá lọ sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi ètò kan tó ń jẹ́ Radiolab sílẹ̀ ná. Iṣẹ́ ọwọ́ ńlá ni, ọ̀pọ̀ ló fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ ohùn lórí ohùn ni, etí tí kò bá tíì mọ́ wọn lára á sọnù.

Ẹ gbọ́ Fresh Air, láti WHYY ní Philadelphia. Láti ọdún 1975 ni Terry Gross ti wà nídìí rẹ̀. Èèyàn kan ń béèrè, èèyàn kan ń dáhùn, kò sí ariwo lábẹ́ ọ̀rọ̀. Gẹ́gẹ́ bíi tíṣà, ẹ máa gbádùn bó ṣe ń béèrè: ó ti ka ìwé àlejò rẹ̀ tán kó tó jókòó, ìbéèrè rẹ̀ sì kúrú. Ẹ tún gbọ́ The Moth. Àwọn èèyàn ló máa ń dúró síwájú èrò, wọ́n á sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn láìwo ìwé, nítorí náà wọn kì í sáré; wọ́n ní láti dúró de ẹ̀rín. Ètò kan á dáa, òmíràn á kàn jẹ́ ẹjọ́ ìfẹ́ àwọn ọmọdé, ẹ fo ìyẹn.

Èyí tó bá já yín sílẹ̀, NPR máa ń kọ ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ ètò rẹ̀ sórí ojúlé rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ lè kà á nígbà tí ẹ bá délé, kí ẹ sì wo ibi tí wọ́n ti fi imú sọ ọ́.

Bí àwọn ọmọ bá bá yín jáde, Circle Round ni kí ẹ tàn. WBUR ní Boston ló ń ṣe é láti 2017: àlọ́ láti ilẹ̀ káàkiri ayé, ti Áfíríkà wà níbẹ̀, àwọn òṣèré á sọ ọ́ pẹ̀lú ìlù àti ohun èlò orin. Kò ju ogún ìṣẹ́jú tàbí bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ wọn ò ní kí ọmọ gbe orin àlọ́ bíi tiwa. Ẹ̀yin lẹ máa ṣe ìyẹn fún wọn tó bá parí: ẹ pa Ìjàpá fún wọn, kí àwọn ará àdúgbò Houston gbọ́ "tẹ́rẹ́ná" láàárọ̀ kùtùkùtù. Ẹ jáde kí oòrùn tó mú, mà, oòrùn ibẹ̀ kì í ṣe eré.

ÌBÉÈRÈ KẸRIN

Sà, láti ìgbà tí mo ti ń gbọ́ rédíò yìí, wọn ò yéé tọrọ owó. Wọ́n tún ní kí n gbé ọkọ̀ mi àtijọ́ wá. Ṣé wọ́n ti fẹ́ kógbá sílé ni? Ṣé dandan ni kí n san?
— Ẹni Tó Ń Gbọ́ Lọ́fẹ̀ẹ́, Laurel, Maryland

ÈSÌ

Kò sí dandan. Ọlọ́fẹ̀ẹ́ àti olówó, ètò kan náà ni wọ́n ń gbọ́, kò sì sí ẹni tó máa wá kan ilẹ̀kùn yín.

Ọ̀rọ̀ owó náà ti le sí i. Ní oṣù Keje, ọdún 2025, ilé aṣòfin Amẹ́ríkà gba bílíọ̀nù 1.1 dọ́là padà, owó tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ fún ọdún méjì fún àjọ tó ń pín owó ìjọba fún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n aráàlú. Nígbà tó máa di oṣù Kẹjọ, àjọ náà kéde pé òun ti ń palẹ̀ mọ́. NPR fúnra rẹ̀ kò gbára lé e púpọ̀. Bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀ ló máa ń ti ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀ wá tààrà nígbà náà. Àwọn rédíò kéékèèké ní ìgbèríko ló dun jù, níbi tó jẹ́ pé àwọn nìkan ló ń sọ fún ará abúlé pé ìjì ń bọ̀. WAMU tiyín, ìlú ńlá ló wà, ó ní olùgbọ́ tó lówó lọ́wọ́. Bí ẹ bá fẹ́ fi dọ́là díẹ̀ ṣe ìrànlọ́wọ́ lóṣooṣù, ilé-iṣẹ́ rédíò ni kí ẹ san án fún, torí òun ló ń fi owó náà san ti NPR. Mo ń san tèmi, kì í ṣe pé mo lówó o. Ìyàwó mi ní wọ́n gbọ́dọ̀ fún mi ní àpò aláfikọ́ tí wọ́n ń fi dúpẹ́, wọ́n sì fún mi lóòótọ́. Ó fi ń ra iṣu.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀, òótọ́ ni. Wọ́n ní ètò tí wọ́n fi ń gba ọkọ̀ tí kò wù yín mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè rìn. Wọ́n á fi ọkọ̀ ìfàkọ́ wá gbé e láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín, wọ́n á tà á, ilé-iṣẹ́ rédíò á gba tirẹ̀ nínú owó náà, ẹ̀yin náà á gba ìwé tí ẹ lè fi dín owó orí kù bí ẹ bá jẹ́ ẹni tó ń to ìnáwó rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ fún àwọn agbowó orí. Bí ọkọ̀ náà bá ṣì lè mú owó gidi wá lọ́jà, ẹ tà á fúnra yín. Bó bá jẹ́ èyí tí mẹkáníìkì ti ní kí ẹ máa gbàdúrà sí, ẹ pè wọ́n. Ẹ ṣáà kó ẹrù yín kúrò nínú búùtù, ẹ wo abẹ́ àga, kí ẹ sì tú nọ́ńbà rẹ̀ lọ dá padà fún MVA, àjọ tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ ní Maryland, kí ẹ tó fagi lé ìńṣọ́ránsì.